Ìbò Tí Mo Dì Lórí Atukọ̀ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń sùn dáadáa? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ aburú nípa rẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́sàn-án, mo fi orí ru sìmẹ́ǹtì títí irun àárín orí mi fi re dànù, mo sùn lórí àpò òfìfo nínú ilé tí kò ní òrùlé, ìwé kejì péré ni mo kà, síbẹ̀ lónìí èmi ni mo ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ jù ládùúgbò sì wà ní pálọ̀ mi. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Tẹlifíṣọ̀n náà ló dá wàhálà sílẹ̀. O mọ eré àwọn tó wọ ọkọ̀ lọ sáàárín ìràwọ̀, tí a ti ń wò láti ọdún mẹ́ta. Ó parí ní Sátidé. Atukọ̀ wọn nìkan ló kù nínú ọkọ̀, ó ń kí ìyá rẹ̀ lórí rédíò, ni ọkọ̀ bá wọ òkùnkùn, ohùn rẹ̀ já, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tán. Ṣé bí wọ́n ṣe ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn? Pálọ̀ mi pín sí méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní ó ti kú. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa ní kò kú, rédíò ló bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní àga tó kàn fún wọn gan-an ò dúró dáadáa, ṣé rédíò ojú ọ̀run ló wá mọ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa ara wọn láṣọ ya.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà wá ní kí a fi fóònù dìbò: ẹni tó bá ní atukọ̀ wà láàyè, kó tẹ oókan, ẹni tó bá ní ó kú, kó tẹ eéjì. Èmi baálé ilé, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ bá ti já kò sí mọ́, mo tẹ eéjì fún gbogbo ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó lè wọlé dáadáa. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ka ìbò, àwọn tó ní ó kú ló borí, ìbò díẹ̀ báyìí ni wọ́n sì fi ju àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n ṣe pa á nìyẹn, ìka mi sì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a kò gbóhùn rẹ̀ láti ọdún méje tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. A ò rí òkú ọmọ, ẹ ti dìbò pé ó kú." Mo ní ọ̀rọ̀ atukọ̀ là ń sọ. Ó ní òun náà mọ̀. Ọjọ́ kẹfà rèé, ó ń gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà, kì í wọlé.

N kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Bá mi bèèrè ọ̀nà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, àti orúkọ ẹni tó ń ka ìbò. Kí Ọlọ́run so àlọ rẹ mọ́ àbọ̀ rẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, mọ́tò àkọ́kọ́ ni màá wọ̀. Màá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi tí n kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ogún ọdún, kí wọ́n yọ eéjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kí n sì tẹ oókan níṣojú wọn.

Bàbá rẹ.