Nígbà Tí Gẹ̀ẹ́sì Fi Bàbá Rẹ Sílẹ̀

Airport Road,
Benin City.

Ọláyọdé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le níbẹ̀ bí tèmi ṣe le níhìn-ín. Òtútù ìlú yẹn kò ní rí yín gbé ṣe o.

Ìròyìn bàbá rẹ ni mo fẹ́ fún ọ, nítorí èyí tí mo sọ lórí fóònù kò kún tó. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń rìn. Gẹ̀ẹ́sì ni kò padà wá. Yorùbá tó fi dàgbà ní Ìlá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, ńṣe ló máa ń wo onítọ̀hún bíi pé ó ń súfèé. Dókítà ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

O sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tó ti wá sí Benin wá kọ́ni ní eré orí ìtàgé, òun ló ń kọ eré, òun ló ń darí rẹ̀, àwọn tó kọ́ náà sì ti di olùkọ́ káàkiri. Eré tuntun rẹ̀, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn ní Aduwawa, ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ugbowo nígbà tí àìsàn dé. Àwọn òṣèré wá kí wa. Ọmọ Ẹ̀dó tí kò gbọ́ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùbòmí, igbákejì rẹ̀, rọra sọ fún mi pé, "Mà, ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi. A ó wá ẹlòmíràn tí yóò darí eré náà." Bàbá rẹ gbọ́. Ó ní, "Ṣé mo ti kú ni?"

Gbéminíyì àbúrò rẹ ló ní òun yóò máa bá a lọ. O mọ̀ pé ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin ló fi ń dá wa lóhùn láti kékeré. Bó bá ti kúrò ní báǹkì nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ugbowo. Yóò tú ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí Yorùbá tó mẹ́hẹ. Bàbá rẹ á tún un ṣe, á sì sọ ohun tó ń fẹ́.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kan. Bàbá rẹ nawọ́ sí ọmọkùnrin kan lára àwọn òṣèré, ó ní, "Sọ fún un pé ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kì í dúró bí ẹni tó ń retí mọ́tò." Gbéminíyì yíjú sí ọmọkùnrin náà: "Daddy say you never vex reach." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún un ṣe, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n ṣe eré náà ní Sátidé tó kọjá. Gbọ̀ngàn kún. Iwájú ni bàbá rẹ jókòó sí, kò mira títí wọ́n fi parí. Bí àwọn ènìyàn ṣe dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó fẹnu sí àbúrò rẹ létí, ó ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mi ò lè sọ bóyá ó ń ṣàwàdà. Gbéminíyì ní, "Ẹ̀yin ni, Daddy. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Ó tún wo orí ìtàgé. Ó ní, "Ẹni yẹn mọ iṣẹ́."

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé jìn sí ọ. Ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, ìwọ náà yóò dàgbà lójú wa.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Jùmọ̀kẹ́ Adéṣínà.

Mo gbàgbé: bó o bá fẹ́ pè é, Yorùbá ni kí o sọ. Bó o bá ṣì í sọ, yóò tún un ṣe fún ọ. Ó fẹ́ràn ìyẹn.