Mo Wá Kálórì Nínú Epo, N Kò Rí I

Yẹ́misí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìgandò, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Tolúwalọpẹ́ ọmọ-ọmọ mi ti ń rìn dáadáa? Ọlọ́run tó bá wa tọ́ ọ yóò bá ọ tọ́ tìrẹ. Ìyá rẹ ti délé láyọ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó kọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sè é, ó sun tòmátì àti tàtàṣé lórí ẹyin iná, ó lọ̀ wọ́n, ó sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ó wá kán epo sí i bí ẹni ń kán oògùn sójú. Iyọ̀ bíńtín, ẹja gbígbẹ àti ẹfinrin ló kù tó fi sí i. Mo wo àwo mi, n kò rí epo kankan lójú ọbẹ̀. Mo bi í bóyá ìyà ló ń jẹ yín ní Ìgandò tí ẹ ò sọ fún wa. Ó ní rárá o, pé ìwọ lo ní kálórì inú epo ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bíi tèmi.

Ọmọ mi, n kò jiyàn. Mo bu epo sínú ife, mo wọ awò ojú mi, mo gbé e síhà oòrùn, n kò rí ohun kan tó ń rìn níbẹ̀. Mo pe Jàfárù aládùúgbò wa, òun náà wò ó títí, ó ní bóyá oòrùn ló ń sá fún. La bá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, òfo ni. Ibi tí a kúnlẹ̀ sí ni ìyá rẹ bá wa, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ó ní nígbà tí o sin òun dé Ìyànà Ìpájà, o di òun lọ́wọ́ mú, o ní kí òun bá ọ bẹ̀ mí, pé o kò fẹ́ kó jẹ́ inú fọ́tò nìkan ni ọmọ rẹ yóò ti mọ̀ mí. Mo da epo padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo jẹ ọbẹ̀ náà.

Ó kọ́kọ́ dà bí ọbẹ̀ aláìsàn lẹ́nu mi, àmọ́ nígbà tó yá, adùn tòmátì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì so nǹkan mọ́ mi lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Mo bi í pé ibo ló wálẹ̀ sí, nítorí ẹsẹ̀ mi ò wú. Ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Jọ̀wọ́, bá mi bi àwọn dókítà ọ̀dọ̀ yín.

Ẹja gbígbẹ ti gbówó lórí o, fi nǹkan ránṣẹ́. Má fi í sínú fóònù mọ́ ṣá, èyí tí o ní o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, ẹ kò ní ṣe àgbákò lọ́nà. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, má bọ́ Tolúwalọpẹ́ yó kí ẹ tó wọkọ̀, mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀ jọ jẹun nínú àwo kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀dé