Ààbọ̀ Ọkọ̀ Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àfaradà ariwo ìlú ńlá. Ara mi le, ara ìyá rẹ le, ìka tí mo fi òòlù lù lóṣù tó kọjá náà ti ń hu èékánná tuntun. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, kí ọwọ́ tí o fi ń ya àwòrán ọkọ̀ má ṣe gbọ̀n láé.

Iṣẹ́ ti parí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ìyá rẹ ní o ò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ ti sọ pé bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí o dá yà bá kọ̀ tí kò dúró lórí omi, kò ní jẹ́ kí o ya òmíràn mọ́. Ọkọ̀ ti dúró. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Nígbà tí bébà tí o ya ọkọ̀ náà sí dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́lẹ̀ kó má baà sá, mo sì wò ó títí. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun kan ni, tó ní yàrá nínú, tí mọ́tò yóò máa fi ọmọlanke fà láti odò kan dé òmíràn. Mo ní kò burú, ọkọ̀ tí omi bá sú kó gba orí títì. Òpó ìgbòkun rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ máa fà á lọ, ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu, kó má lọ já wáyà iná onílé. Òrùlé yàrá náà ò ga ju àyà mi lọ. Ìyá rẹ béèrè pé ta ni yóò máa sùn síbẹ̀, mo ní olówó ni, torí tálákà ò ní sanwó kó tún máa rákò wọlé. Mo tún rí i pé o ní kí n lu ihò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí wọn yóò ti máa ti pátákó bọ inú omi kí atẹ́gùn má baà gbá ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi ń dí ihò ọkọ̀ kiri, ọmọ tèmi ló wá kọ̀wé pé kí n lu ọ̀kan. Mo lu ú. Ẹni tó rán ọmọ ní ilé ìwé, kó gba ohun tó kọ́ bọ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ààbọ̀ ọkọ̀ ni o yà. O fa ìlà tààrà kan sí àárín, o ya apá ọ̀tún, apá òsì ò sí níbẹ̀ rárá. Mo yí bébà náà padà, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù, tí mo fi ìka lé ìlà náà kí o lè rí i, tí mo sì bi ọ́ pé apá kejì ńkọ́. O ní kí n má da ara mi láàmú, pé bákan náà ni apá kejì àti èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó ti yé mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Mo mọ̀ pé o ti gbé apá kejì fún káfíńtà mìíràn.

Káfíńtà ọkọ̀ mìíràn wo ló sì tún wà níbí bí kò ṣe àbúrò mi, bàbá rẹ kékeré, tí a jọ pín ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, tí ògiri búlọ́ọ̀kù sì dá wa sí méjì? Ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pé ọdún méje tí a ò ti kí ara wa, láti ọjọ́ tó ti sọ pé ọkọ̀ tí mo kàn ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Òótọ́ ni pé ó ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ojú oníbàárà ló yẹ kó ti sọ ọ́?

N ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró òòlù rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo ní àṣé ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ṣáájú mi parí. Kí oṣù kejì tó pé, ààbọ̀ tèmi ti dìde, mo fi igi gbè é kó má ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ wà ní gbayawu bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí kò nílẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rín in lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí olówó ọkọ̀ dé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo yípo lọ sẹ́nu ọ̀nà àbúrò mi. Mo ní tèmi ti parí, tirẹ̀ ńkọ́? Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀, pé òjò ló pa bébà tòun, kí n yá òun ní tèmi. Bẹ́ẹ̀dì kan tí kò tíì parí ni mo rí níbẹ̀, n ò rí pákó ọkọ̀ kankan, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti máa ń fi nǹkan pamọ́. Ó gba bébà náà, ó dojú rẹ̀ kọ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, ó sì ń fi pẹ́ńsù tọ ìlà rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo rí i pé iṣẹ́ ò ní bá ọjọ́, mo bọ́ aṣọ tó mọ́ yẹn, mo bá a mú ayùn.

Nígbà tí tirẹ̀ náà parí, ìkankan ò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Òun ló kọ́kọ́ gbé òòlù ńlá, èmi ni mo ṣe ìkejì. A wó ògiri náà, ẹnu ọ̀nà wa méjèèjì di ọ̀kan tó fẹ̀, a ti ààbọ̀ méjèèjì pàdé, ààbọ̀ ihò tèmi sì bá ààbọ̀ ihò tirẹ̀ mu láìfi irun kan yà.

Olówó ọkọ̀ dé lọ́jọ́ tó dá. Ó fi téèpù wọn ìbú rẹ̀, ó ní ọlọ́pàá ò ní lè dá a dúró lójú títì. Wọ́n fà á lọ sódò, wọ́n gbé òpó dìde, wọ́n ta ìgbòkun. Atẹ́gùn gbá a, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì dìde padà, ó ń lọ. Ọkùnrin náà béèrè pé ta ló kàn án. Àbúrò mi ló dáhùn pé ẹ̀gbọ́n òun ni, pé òun kàn bá a dì í mú ni.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé ló jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun ò rí bébà kankan gbà lọ́wọ́ rẹ rí. Ó ní nígbà tí òun rí mi lẹ́nu ọ̀nà òun lẹ́yìn ọdún méje, òun ò lè la ẹnu sọ pé mo ṣìnà. Ọmọ mi, mo sunkún lójú ọ̀nà níbẹ̀. Mo ní kó má bínú sí ọ, àwọn tó ń gbé lẹ́tà kiri ló sọ tirẹ̀ nù.

Nítorí náà, bí o bá ya òmíràn, fi ìpín bàbá rẹ kékeré rán ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ayùn, torí ayùn wa méjèèjì ti kú. Kì í ṣe owó ògiri o. Bíríkìlà ti wá béèrè bóyá kí òun tún un mọ, a ní kó máa lọ.

Gbogbo ohun tí o bá dáwọ́ lé, Ọlọ́run ò ní ṣe é ní ààbọ̀ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ. Bàbá rẹ kékeré jókòó tì mí, ó ní kí n kí ọ.