Ẹkún Tí Mo Sun fún Amí

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Mo ti di ìyàwó ilé ní Ìlọrá! Èmi Tahirah, ọmọ Fídítì. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo rí orí Sofiyullah ọkọ mi lórí ìrọ̀rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n rán aṣọ Iléyá fún. Ó ní kí ló dé. Mo ní kò sí. Kò sí nǹkan kan tó dé — ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi.

Àwọn onífíìmù ti wọ̀lú. Fíìmù amí ni wọ́n fẹ́ ṣe, amí ìjọba tó ń lé àwọn tó jí àṣírí orílẹ̀-èdè. Ìbọn! Mọ́tò! Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn dáadáa. Ta ló tún mọ̀ ọ́n gùn nílùú yìí ju ọlọ́kadà tèmi lọ? Kíá ló ti lọ.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Mo tẹ̀ lé e lọ. Ojú mi rí nǹkan. Igi ni gbogbo ìbọn wọn, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kàn fi kùn ún. Sóbò ni ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fi oyin pò ó kó lè ki — eṣinṣin ò jẹ́ kí òkú kankan sinmi. Kíláàsì kan lọ́nà Ìware ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì àwọn amí lókè òkun, wọ́n ta aṣọ bo pátákó ìkọ̀wé. Hẹlikọ́pítà tí yóò máa fò lókè ńkọ́? Ariwo ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Àlàkẹ́ ni wọ́n lọ gbà sílẹ̀! Ìyá Àlàkẹ́ ti ń bi gbogbo ayé bóyá orúkọ òun máa jáde.

Adébáyọ̀, òṣèré tó ń ṣe amí náà, kò mọ ọ̀kadà gùn. Ẹ̀rù ń bà á! Ọkọ mi ló ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ń fò kọjá kòtò, tí eruku ń sọ. Ọ̀gá Jùwọ́nlọ ló ń darí wọn. Èmi ń pè é ní Káàtì, torí igbe tó ń ké ṣáá láti dá eré dúró nìyẹn. Kò fẹ́ kí ojú ọkọ mi hàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Ẹ̀yìn ọkọ mi ti di òṣèré. Ẹ̀yìn tí mo ń sùn tì!

Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Èmi náà ti ṣe fíìmù!

Nínú ìtàn náà, amí yóò díbọ́n pé òun ti kú kí àwọn ọ̀tá lè gbàgbé rẹ̀. Adébáyọ̀ ní òun ò ní wọ aṣọ òkú, ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun. Káàtì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀. Obìnrin tó yẹ kó sunkún lórí òkú náà, mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà Ìbàdàn. Ni Sofiyullah bá ní òun á sùn bí òkú náà. Káàtì wá wò mí. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé wàá lè sunkún?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹkún mi bá dára, òun á jẹ́ kí kámẹ́rà wo ojú ọkọ mi. Sofiyullah fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tahi, jọ̀ọ́. Ojú mi á hàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún un?

Wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Mo ṣí ìborí mi. Mo tú irun tí wọ́n dì fún mi nígbà ìyàwó. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo gbàgbé orúkọ amí, orúkọ ọkọ mi ló jáde: "Sofiyu! Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ẹkún gidi ni, mi ò mọ ibi tó ti wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi dìde nínú aṣọ òkú, ó gbé mi sókè.

Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti gbọ́. Ìyá Àlàkẹ́ ló rò fún wọn. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde sí mi.

"Ta ló kú?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní eré ni, Màmá.

"Mo ní ta ló kú nílé yìí tí ìyàwó fi tú irun? Tó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú ọjà? Ẹni tí wọ́n sanwó fún kọ̀, ó ní òun ní ìyá. Ọmọ tèmi ò níyàá, àbí?"

Mo wo Sofiyullah. Gbólóhùn kan péré ni mo ń retí: èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó ń wo sálúbàtà rẹ̀.

Nínú yàrá, ó ní ìbínú ìyá òun kì í pẹ́. Mo ní kó sọ fún wọn. Ó ní òun á sọ.

Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Màmá dá iyán mi padà. Wọn ò tilẹ̀ ṣí i wò.

Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Màmá ní ká ṣe sàráà nítorí òkú inú fíìmù yẹn. Ààfáà ní kò sí ohun tó bàjẹ́, ká ṣáà tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ bá wọn po ẹ̀wà àkàrà. Màmá gba abọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹni tó pe ikú kì í bá wọn se sàráà." Rahmatullah, ìyàwó Ṣàràfá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, rọra sọ fún mi pé, "Má fèsì, ìyàwó. Èmi náà ti jẹ ìyà tèmi lọ́wọ́ wọn."

Ààfáà gbàdúrà pé obìnrin ò ní sin ọmọ ilé yìí. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ohùn ọkọ mi ló ga jù.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Fídítì, níbi tí àwọn onífíìmù ṣí lọ. Mo bẹ Káàtì kó yọ ẹkún mi kúrò. Ó ní ibẹ̀ ló dùn jù, pé èmi nìkan ni mi ò díbọ́n. Adébáyọ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń mu ọsàn. "Ìyàwó òkú, ẹ káàbọ̀ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo ń rín?

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Ibà mú Sofiyullah. Màmá ti gbé e lọ sí yàrá wọn. Mi ò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni mo jókòó sí. Ibà ni. Ibà tó ń mú gbogbo ayé! Ọkọ mi ò sì tíì sọ fún wọn pé òun ló bẹ̀ mí.

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá, a dúpẹ́. Gbogbo ilé kóra jọ fún ìṣínu. Ṣàràfá gbé fóònù rẹ̀ síwájú Màmá — fíìmù ti jáde. A wò ó. Ẹ̀rọ ìlọta ń fò lókè. Lẹ́yìn náà, èmi. Irun mi. Ẹnu mi tó là. Kámẹ́rà ò dé ojú ọkọ mi rárá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi hàn.

Màmá bojú. Ṣàràfá ní, "Sofiyu, ṣé ìwọ lo ní kó ṣe eléyìí?"

Inú mi ń gbàdúrà.

Ó ní, "Mo ti dijú nígbà yẹn. Mo rò pé òṣèré wọn ni."

Ó rò pé òṣèré wọn ni.

Àìkú, 2 Máàṣì

Fídítì. Ilé bàbá mi ni Màmá lé mi padà sí.

Sofiyullah pè. Ó ní Màmá ti fẹ́ rọ̀, kí n ṣáà bẹ̀ wọ́n pé èmi nìkan ni mo dá a ṣe, kí n sì máa bọ̀ nílé. Mo ní kó gbé fóònù fún wọn. Ó gbé e.

Mo kí wọn kú ààwẹ̀. Mo wá sọ ọ́ bó ṣe rí: Màmá, ọmọ yín ló bẹ̀ mí. Ó fẹ́ kí ayé rí ojú òun.

Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ké kéú lẹ́yìn wọn.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ṣé èmi kọ́ ni mo bí i? Àmọ́ ta ni kí n lé, Tahirah? Ẹni tí mo bí?"

Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyá mi.