Ìkìlọ̀ Tó Sọnù Sáàárín Ìkíni

Ìdúmágbò,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2025.

Nusrat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

As-salaamu alaykum. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ìwọ àti ọkọ rẹ nínú àlàáfíà, kí òtútù Jọ́ọ̀sì má sì mú yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ara èmi náà ti ń le, àfi èjìká òsì tó ṣì ń ro mí. O bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe mí, mo ní mo ṣubú ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní lè sọ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O ṣáà mọ ilé iṣẹ́ wa. Ọ́fíìsì Alhaja Afusat wà ní Oníkan, ilé ẹrù aṣọ tí mò ń bójú tó wà níbí, àwọn awakọ̀ wa sì máa ń dúró ní CMS. Gbogbo wa, ènìyàn mẹ́tàlélógójì, la wà nínú gúrúùpù kan ṣoṣo lórí fóònù. Ibẹ̀ la ti ń pe ẹrù, ibẹ̀ náà la ti ń kí ara wa kú Jímọ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ariwo rẹ̀ sú mi, mo pa ohùn rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, Jemilat tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì mú áàpù méjì wá sípàdé kí a yan ọ̀kan fún iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ yóò ní yàrá tirẹ̀, ìkíni yóò ní tirẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn tún máa ń ké tòò lórí fóònù gbogbo ènìyàn bí ewu bá dé, kódà bí onífóònù bá ti pa ohùn rẹ̀. Mo dìde. Mo ní, “Alhaja, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wa padà sídìí ABD lọ́jọ́ ogbó. Èyí tí à ń lò ti tó wa.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà lọ́dọ̀ Alhaja, wọ́n sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Jemilat palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyàwó Ikrimah awakọ̀ wa bí ìbejì. Gbogbo gúrúùpù bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Kàmọ́rù, awakọ̀ wa mìíràn tó wà ní CMS, rí bọ́ọ̀sì méjì tó kún fún àwọn ọmọkùnrin tó mú àdá lọ́wọ́. Wọ́n ní Ìdúmágbò làwọn ń lọ, àwọn fẹ́ gbẹ̀san ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n pa lánàá. Kàmọ́rù pè mí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kó wọlé. Ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù: “Wọ́n ń bọ̀. Ẹ ti géètì ẹ̀yìn.” Ìkíni ìbejì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló bò ó mọ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n lẹ́yìn náà.

Yaqub tó máa ń gbé bélì aṣọ nílé ẹrù wa ti ṣí géètì ẹ̀yìn fún ẹrù tó ń wọlé. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń lé ló kọ́kọ́ já wọlé, kò wẹ̀wù, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn alàdá náà tẹ̀lé e. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n ká a mọ́ orí bélì léèsì, wọ́n sì là á ní àáké lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń la igi ìdáná. Yaqub na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ nìyí.” Àdá sọ̀ kalẹ̀. Ìka méjì já lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń wo àwọn ìka náà nílẹ̀. Wọ́n tún ṣá a lórí.

Mo fa irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn yọ. Mo là á mọ́ ọrùn ẹni tó sún mọ́ mi jù, ó ṣubú. Nusrat, mo tún lù ú nígbà tó ti wà nílẹ̀. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹlòmíràn fi kóńdó fọ́ èjìká mi. Nígbà tí ìbọn ọlọ́pàá dún lójú títì, wọ́n wọ́ ènìyàn wọn jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ó yè. Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò fi orí balẹ̀ bi Ọlọ́hun léèrè.

Ọkùnrin tí wọ́n là ní àáké kú kí a tó dé ọsibítù. Yaqub lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún níbẹ̀.

Alhaja tún ìpàdé náà pè. Kò sẹ́ni tó jiyàn, èyí tó ń ké la yàn. Jemilat jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dán an wò, gbogbo fóònù ké lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí n ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, irin ti wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ènìyàn sì ń wò mí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sí agboolé wọn Yaqub. Mùtíátù ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní fún mi. Mo bá Yaqub níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Ojú tì í nígbà tó rí mi, ó fẹ́ gbé ọwọ́ náà pamọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé èmi ni mo ní kí a má gba áàpù yẹn, pé mo pa ohùn fóònù mi. Ó ní, “Bàbá Nusrat, mo mọ̀. Mo wà nípàdé yẹn. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.” Ó wá ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. Mo fọwọ́, a jọ jẹ ẹ́ tán.

Kí Ọlọ́hun má fi ẹ̀jẹ̀ han ojú rẹ láéláé. Kí ó fi ọmọ rere jíǹkí rẹ, kí ó sì jẹ́ kí o pẹ́ fún wa. Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Jíbrílù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: Ìyá rẹ mọ̀ pé mo lu ẹnìkan. Kò mọ̀ pé ó ti wà nílẹ̀. Má sọ fún un, èmi ni n ó sọ ọ́ fúnra mi.