Ìpín Tó Wà Nínú Ìbọn Bàbá Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo ìgbẹ́ tó wà láàárín Ẹdẹ àti Ara. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kánádà níbí. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ẹni tí kì í gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi Àṣàbí, ẹ ṣé tí ẹ pè mí. Mo fi lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí kì í ṣe bàbá mi nìkan ni ọdẹ tó ń ki ìbọn báyìí.

Ara mi le. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́, à ń di ọ̀dùnkún sínú páálí. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ o. Bí èèyàn bá sunkún níta, omijé á fẹ́ dì lójú rẹ̀. Owó ń wọlé, ó sì ń jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí màá kí pé ẹ kú alẹ́. Inú ìyẹn ni mo wà tí Ẹ̀gbọ́n mi pè pé ìbọn ti gbé yín ṣubú lóko, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú, pé àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín sì ń sọ pé kí ẹ gbé ìbọn kọ́, torí ẹ ń tàsé ẹran tó dúró. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí ẹni tí ìbọn bẹ́ mọ́ lójú rí.

Àgbàlagbà òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa, Píítà, tó máa ń pa àgbọ̀nrín. Ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta ìbọn rẹ̀, ó sì pè mí wá wò ó. Bàbá, ọkùnrin yìí ń wọn ẹ̀tù bí ẹni ń wọn wúrà! Bí ó bá lé díẹ̀ báyìí, á gbọ̀n ọ́n padà. Mo bi í pé ṣé ahun ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹ̀tù òní bá ju ti àná lọ, ibi tí ọta àná bà kọ́ ni tòní máa bà. Pé kì í ṣe pípọ̀ ẹ̀tù ló ń jẹ́ kí ìbọn mọ ẹran, bí kò ṣe kí gbogbo rẹ̀ bára dọ́gba. Ó ní àpọ̀jù rẹ̀ sì lè pa ẹni tó di ìbọn mú.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìkarahun ìgbín tí ẹ fi ń wọn ẹ̀tù. Ìkarahun yẹn kò jẹ̀bi. Ohun tí ẹ máa ń fi ìka bù lé e ló jẹ̀bi. Bàbá àgbà tó ti kú ló ni ìbọn, nítorí náà ẹ máa ń bu ìpín tiwọn sí i. Nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, kú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu tiwọn. Ọjọ́ tí ọkàn yín bá sì bàjẹ́, ìka yín kì í ṣahun. Bàbá mi, ìfẹ́ ló ń tì yín ṣubú.

Mo pè yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ da ìpín àwọn òkú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kí ẹ fi ti ìkarahun nìkan sínú ìbọn. Ẹ bínú. Ẹ ní ṣé òtútù ti wọ̀ mí lágbárí ni, tí mo fi ń kọ́ bàbá mi níṣẹ́ ọdẹ. Mo ní ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ohùn yín rẹlẹ̀, ẹ ní kí ni kí ẹ wá fi ìpín tèmi ṣe. Mo béèrè èwo ni tèmi. Ẹ ní láti ìgbà tí mo ti wọ bàálù ni ẹ ti ń bu tèmi náà sí i, kí n má baà sọnù. Mo gbé fóònù jìnnà sẹ́nu kí ẹ má baà gbọ́ ẹkún mi.

Àná ni Ẹ̀gbọ́n mi pè padà. Wọ́n ní ẹ fi ti ìkarahun nìkan ki ìbọn, ẹ pa ọ̀yà, ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan kan ò ṣe èjìká yín, ẹ sì ń súfèé bọ̀ wálé. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí, mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi wá wò mí. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Kí Ògún máa ṣọ́ yín. Ẹ ò ní lọ kí ẹ má bọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ọdẹ ọ̀nà Ara, ẹ kí ajá yín náà. Ṣùgbọ́n ẹ má bu ẹ̀tù tèmi sínú ìbọn mọ́, ẹ má sì dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ṣì wà láàyè. Ẹ yan itan ọ̀yà kan gbẹ, kí ẹ gbé e kọ́ sókè ààrò. Ìpín tèmi nìyẹn, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Èmi ni Ògúnwálé, ọmọ yín.