Màmá Èèpo, Ẹni Tí Kòkòrò Ń Yà Fún

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Màmá, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn tó jẹ́ télọ̀. Bíríkìlà, ọmọ bíríkìlà, ni bàbá wọn. Àwọn ni àbíkẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀wé débi pé ẹ̀gbọ́n ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Lọ́dún 1971, wọ́n wọṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Wọ́n a gún èèpo máńgòrò àti kóró ìbẹ́pẹ, wọ́n a fún omi rẹ̀, wọ́n a sì wò ó bóyá ó lè pa kòkòrò àìfojúrí tó ń mú egbò kẹ̀. Èèpo ló ń kún báàgì wọn ṣáá, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Màmá Èèpo.

Wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú káfíńtà kan ní 1974. Nígbà tí ayùn ya ẹsẹ̀ ọkọ, omi kóró ìbẹ́pẹ ni Màmá fi wẹ egbò náà tó fi jinná. Àlejò kankan ò sinmi mọ́: Bàbá a ká ṣòkòtò, a fi àpá hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ a máa tẹ ìka sórí àwo àyẹ̀wò, àwo tí wọ́n fi oúnjẹ kòkòrò sí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ dáadáa. Kòkòrò a sì hù níbi tí ìka bá kàn. Láti 1989, nǹkan kan ò hù níbi ìka Màmá mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀gá bá tẹ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ọ̀gá hù yọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó yà fún ojú ìka Màmá lọ́tùn-ún lósì. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Màmá fẹ́ràn àdúrà. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n fi wẹ egbò fún ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2025. Dókítà mẹ́ta fọwọ́ sí i pé wọ́n ti kú. Ẹ̀rọ amútutù mọ́ṣúárì bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, síbẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án pé, ara Màmá ò yí padà, àfi bí ẹni tó rẹjú. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú rọra bi àkọ́bí wọn obìnrin bóyá ó dá a lójú pé wọ́n ti kú. Ọmọ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan pósí. Ṣé ẹni tó bá sin ìyá ẹ̀ láàyè tún lè fojú kan oorun?

Ó wá àwo àyẹ̀wò kan, ó tẹ ọwọ́ Màmá sórí ẹ̀, ó jókòó tì í. Ọjọ́ kìíní, òfìfo. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, òfìfo. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nǹkan funfun kan ti hù lójú ìka àárín, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọmọ bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ pé kòkòrò ò yà fún wọn mọ́, wọ́n ti kú lóòótọ́. Ọjọ́ náà ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí.

Màmá fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀.

Ẹ máa rọra lọ, Màmá. Kí ilẹ̀ gbà yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbà yín.